Ìyá Wà Níwájú Ọkọ̀

Ẹ̀rù omi ti ń bà mí kí n tó fojú kan omi náà rárá. Láti ọjọ́ tí Bàbá Súbérù ti kéde ní ìpàdé láìnì wa ní ọjà Aswani pé ọkọ̀ ojú omi la máa háyà fún ìgbafẹ́ ọdún yìí, pé a máa gba àárín àwọn erékùṣù kọjá títí a ó fi dé ibi tí òkun gidi wà, ara mi ò lélẹ̀ mọ́. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí kò pàtẹ́wọ́?

Zípù, òwú àti bọ́tìnnì ni mò ń tà. Àwọn tó kù ní láìnì wa, aṣọ ni wọ́n ń tà. Bàbá Súbérù ni olórí wa. Àwọn ló ń pín ìsọ̀, àwọn ló ń parí ìjà, bí wọ́n bá sì ní kí o palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, wàá palẹ̀ ẹ̀ mọ́ ni. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Mi ò sọ pé wọn kì í ṣe èèyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Aswani pè wọ́n lórúkọ láìfi Bàbá ṣáájú.

Wọ́n ní ẹni kọ̀ọ̀kan lè mú ẹnìkan wá láti ilé. Èrò mi ni pé mi ò ní mú ẹnikẹ́ni. Kí n má purọ́, èrò mi ni pé inú máa run èmi fúnra mi lọ́jọ́ náà. Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ọ́ nílé, ìyá ọkọ mi sì gbọ́.

"Òkun?" Ìyá ní. "Òkun tòótọ́?"

Ìwó ni Ìyá ti wá bá wa ní Jákáńdè Estate, nígbà tí bàbá ọkọ mi kú. Ojoojúmọ́ ni bàálù ń kọjá lórí ilé wa ní Ìsọlọ̀ bí ẹni fẹ́ já òrùlé lọ. Ìyá á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Àwọn yẹn ti ń lọ wo òkun nìyẹn. Èmi tí mo wà ní Èkó, gọ́tà nìkan ni mo rí." Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ pé òkun là ń lọ, ó parí. Wọ́n ti yọ léèsì wọn jáde kó tó di pé ilẹ̀ ṣú.

Ọkọ mi, Ọládòṣù, maṣíìnì ìránṣọ ló ń tún ṣe ní Ọ̀ṣòdì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wo ojú mi, bàtà Ìyá ló ń wò.

"Ìyá Ọpẹ́mipọ̀," ó ní, "bí o ṣe ń mú ìyá mi jáde yìí, bẹ́ẹ̀ ni kí o mú wọn padà wá fún mi."

"Mo ti gbọ́."

"Mi ò ní ẹlòmíì."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹran Iléyá ni mí ni, tí ẹ ń fà mí lé ara yín lọ́wọ́?"

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ohun tó sọ. Mi ò ní ẹlòmíì.

Bọ́ọ̀sì ló gbé wa láti Aswani dé jẹ́tì ní Mile 2. Àwọn àgbà jókòó níwájú, àwa yòókù wà lẹ́yìn. Nígbà tí a dé ibi ọkọ̀ ojú omi, bí a ṣe wọ bọ́ọ̀sì náà la ṣe wọ ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó. Bí a ṣe máa ń ṣe ní ìpàdé náà nìyẹn, bí a ṣe ń ṣe nílé nìyẹn. Ará òkè ni gbogbo wa, ta ló mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi yàtọ̀?

Ìyá ló dàgbà jù nínú gbogbo wa. Bàbá Súbérù fúnra wọn ló di Ìyá lọ́wọ́ mú, wọ́n fi wọ́n jókòó síbi imú ọkọ̀ gan-an, wọ́n sì jókòó tì wọ́n. Àwọn àgbà láìnì tẹ̀ lé wọn. Ẹ sì mọ àwọn àgbà láìnì wa, owó ti mú wọn sanra. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí n lọ jókòó ti Ìyá.

"Ìyá Ọpẹ́, níbo lò ń lọ?" Bàbá Súbérù ní.

"Mo ní kí n wà nítòsí Ìyá ni, sà."

"Ìyá wà lọ́wọ́ wa. Lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ."

Mo lọ sẹ́yìn. Èyí tí mo ṣáà rí ṣe ni pé mo ti so jákẹ́ẹ̀tì pupa tó ń léfòó yẹn mọ́ Ìyá lára dáadáa kí wọ́n tó gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Ìyá ní ó ń rùn bí ẹja.

Felix lorúkọ ẹni tó ń wa ọkọ̀. Ìlàjẹ ni, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí iwájú fìlà sẹ́yìn, tó ń súfèé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo bá ara mi. Mo rí i tó wo bí a ṣe jókòó. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún la ẹnu.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá. Iwájú ti wúwo jù. Tí àwọn díẹ̀ bá lè bọ́ sẹ́yìn..."

"Ta ló wúwo?" Bàbá Súbérù ní. "Ọmọ mi, ṣé o ti gbé wa lé òṣùwọ̀n ni?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

"Rárá o, sà. Ẹ má bínú, sà."

"Ṣé kí n dìde kí àwọn ọmọ àná wá jókòó síwájú mi? Wa ọkọ̀ ẹ jàre."

Felix họ orí. "Kò burú, sà."

Kò burú yẹn, mi ò fẹ́ràn bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ká sọ òótọ́, ojú omi náà rẹwà níbẹ̀rẹ̀. Igi tí gbòǹgbò wọn dúró nínú omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Àgbọn lọ súà ní etí erékùṣù kan, erékùṣù mìíràn sì ní ilé tí wọ́n kọ́ sórí òpó, tí àwọn obìnrin ti ń yan ẹja lábẹ́ rẹ̀, wọ́n juwọ́ sí wa. Mi ò juwọ́ padà. Ìjókòó ni mo fi ọwọ́ méjèèjì dì mú.

"Ìyá Ọpẹ́," Àǹtí Kúnbi tó jókòó tì mí ní, ẹnu wọn kún fún ẹ̀pà, "ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé wọ́n fẹ́ jí ìjókòó yẹn gbé ni?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n dì í mú."

"Dì í mú o. Tó bá sá lọ, ìwọ la máa bi."

Diamond, ọmọge tó ń ta àńkárá ní igun láìnì wa, ló ń ya fọ́tò. Fóònù rẹ̀ ò sinmi. Ó kígbe sí àwọn tó wà níwájú: "Ìyá! Bàbá! Ẹ bọ́ nǹkan pupa yẹn jàre, aṣọ yín ò hàn!"

Ìyẹn náà, ẹ ò rí i. Àwa tí a ń ta aṣọ, ta ló máa fi aṣọ pamọ́? Gbogbo iwájú bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ìyá bọ́ tiwọn, wọ́n tẹ́ ẹ lé itan bí ọmọ tuntun, léèsì wọn ń dán nínú oòrùn.

Mo pariwo. "Ìyá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ padà!"

Ariwo ẹ́ńjìnnì gbé ohùn mi lọ. Ìyá wo ẹ̀yìn, wọ́n rí mi tí mò ń na ọwọ́, wọ́n sì juwọ́ sí mi pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nígbà tó yá, àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ọ̀kan ga ju búlọ́ọ̀kù wa ní Jákáńdè lọ. Àwọ̀ omi yí padà. Mi ò fẹ́ máa wo omi, nítorí náà ojú Felix ni mò ń wò. Mo rí i pé kò súfèé mọ́. Mo tún rí i pé kì í ṣe ibi tí à ń lọ ló ń wò. Imú ọkọ̀ ló ń wò.

Omi kan ta sí àwọn tó wà níwájú lára. Wọ́n hó yèè. Ìyá lá àtẹ́lẹwọ́ wọn. Mo rí ẹnu wọn tó ń sọ pé ó níyọ̀, ó níyọ̀ lóòótọ́, inú wọn ń dùn bí ọmọdé.

Èyí tó tẹ̀ lé e kò ta. Ó wọlé ni. Ó gba orí imú ọkọ̀ wọlé, ó gba abẹ́ ìjókòó, ó ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn, ó kàn mí lẹ́sẹ̀. Ó tutù. Bàtà ẹnìkan ń léfòó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo mọ bàtà náà. Èyí tí ọkọ mi ń wò láàárọ̀ ni.

Felix ju kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí sí mi. "Màmá, ẹ bá mi gbọ́n ọn." Mo ń gbọ́n ọn, ó ń wọlé. Ó pariwo síwájú: "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn! Imú ọkọ̀ ti ń wọmi!"

Ẹ jọ̀ọ́ ló ń wí. Bí ẹni ń tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ àgbà.

"Ìwọ náà, rọra máa wà á," Bàbá Súbérù ní láìwẹ̀yìn. "Ìkánjú yín ti pọ̀ jù."

Felix rẹ ohùn sílẹ̀, èmi nìkan ló lè gbọ́. "Màmá, ẹ wo ọkọ̀ ńlá tó ń jáde lọ́hùn-ún yẹn. Ìgbì tó ń fà bọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ wa. Imú yìí ò lè gbé e."

"Yí padà nígbà náà."

"Tí mo bá yí i báyìí, á dojú dé."

"Sọ fún wọn!"

"Mo ti sọ fún wọn, ẹ gbọ́ mi. Ọmọdé ni wọ́n kà mí sí."

Mo kọjú sí Àǹtí Kúnbi. Ẹ̀pà wà lẹ́nu wọn, wọn ò jẹ ẹ́ mọ́. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ jù mí lọ. Ẹ bá wọn sọ ọ́."

"Èmi? Kí Bàbá Súbérù lé mi kúrò ní láìnì?"

Mo wo iwájú. Orí Ìyá ni mo rí, gèlè wọn, àti omi lẹ́yìn gèlè náà tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò ó bí mo ṣe lè rò ó. Bí ẹ bá ní kí Bàbá Súbérù dìde, wọn ò ní dìde. Ṣùgbọ́n bí Ìyá bá kúrò níbẹ̀, kò sí àgbà kan tó máa jókòó gẹlẹtẹ síbi tí àgbà jùlọ ti dìde. Ìyá ló kù. Ìyá sì rèé, èmi ni wọ́n fà wọ́n lé lọ́wọ́.

Mo kúnlẹ̀ sínú omi. Mo fi gbogbo ọ̀nà ọ̀fun mi pariwo.

"Ìyá! Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi!"

Ìyàwó kì í pe ìyá ọkọ rẹ̀ pé máa bọ̀. Ọmọ là ń pè bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá Súbérù yíjú padà.

"Ta lò ń pè báyẹn?"

"Ìyá mi ni, sà."

"Ìyá ọkọ rẹ lò ń nahùn pè bí ẹni ń pe ewúrẹ́?"

Ìyá ń wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́. Mi ò mọ ohun tí wọ́n rí. Gèlè mi ti jábọ́, kẹ́ẹ̀gì wà lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó mi ń pè mí," Ìyá ní. Wọ́n sì dìde.

Èyí ni mi ò rò. Ìyá dìde, gbogbo èèyàn dìde. Ta ló máa jókòó tí Ìyá bá wà lórí ìdúró? Bàbá Súbérù dìde láti dì wọ́n mú. Àwọn àgbà dìde láti fún wọn lọ́nà. Àwọn tó wà láàárín dìde, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń na ọwọ́, "Ẹ rọra o, Ìyá," "Ẹ fún Ìyá láàyè," gbogbo wọn sì sún sí ẹ̀gbẹ́ kan náà kí Ìyá lè rí ọ̀nà gbà. Ọkọ̀ tẹ̀. Ó tẹ̀ gan-an. Mo rí etí ọkọ̀ tó kan omi, mo rí omi tó ń yọjú wọlé bí ẹni tó ń wò bóyá onílé wà nílé. Felix ń ké ní èdè Ìlàjẹ. Ìyá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ láàárín, ọwọ́ wọn ṣófo, jákẹ́ẹ̀tì wọn wà nílẹ̀ níwájú lọ́hùn-ún.

Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

"Ẹ jókòó! Gbogbo yín, ẹ jókòó! Súbérù! Jókòó sílẹ̀!"

Wọ́n jókòó. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn jókòó, bí ọmọ ilé ìwé tí ọ̀gá wọlé bá. Mi ò rò pé nítorí ọkọ̀ ni. Orúkọ yẹn ni. Wọn ò gbọ́ ọ níhòòhò rí. Bàbá Súbérù jókòó, ẹnu wọn ò padé. Ọkọ̀ mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì, ó dúró.

Ìyá nìkan ló kù lórí ìdúró.

"Ìyá, ẹ kúnlẹ̀," mo ní. Èmi. Sí ìyá ọkọ mi. "Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ rákò wá bá mi. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n!"

Ìyá kúnlẹ̀ pẹ̀lú léèsì wọn. Wọ́n rákò nínú omi, láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà. Ọwọ́ ń yún gbogbo èèyàn láti gbé wọn dìde, mo rí i, àwọn míì ti ń na ọwọ́, wọ́n tún ń fà á padà. Diamond ti gbé fóònù sílẹ̀, ó ń sunkún. Àǹtí Kúnbi ń pe Jésù láìdúró.

"Ó ń gòkè," Felix ní. "Imú rẹ̀ ń gòkè. Ẹ̀yin àgbà, ẹ máa tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má dìde o. Ẹ rákò!"

Bí Ìyá bá ti rákò, ta ló máa rìn? Wọ́n rákò. Àwọn àgbà láìnì Aswani, pẹ̀lú agbádá, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, wọ́n ń rákò nínú omi bọ̀ wá sẹ́yìn. Àwa tí a fúyẹ́ ń yọ́ kọjá lọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bàbá Súbérù ló kẹ́yìn. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èjìká wọn kan orúnkún mi, wọn ò wò mí.

Mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ara mi, mo fi kọ́ Ìyá lọ́rùn. Mo ń so okùn rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìgbì náà dé. Kò pariwo. Ó kàn gbé wa sókè ni, ó sì jù wá sílẹ̀. Imú ọkọ̀ wọlẹ̀, ó tún yọ. Omi wọlé, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbọ́n. Òmíràn dé. Òmíràn tún dé. Orí Ìyá wà ní abíyá mi. Mò ń gbọ́ bí eyín wọn ṣe ń lu ara wọn. Mi ò mọ̀ bóyá eyín wọn ni, tàbí tèmi.

Lẹ́yìn náà, omi pẹ̀rọ̀, bí ẹni pé kò ṣe wá ní nǹkankan.

Ìlàṣẹ̀ la gúnlẹ̀ sí, ìlú orí yanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Kò sẹ́ni tó ṣeré lórí yanrìn. Ìyá ní kí n mú àwọn lọ wo òkun, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé torí rẹ̀ làwọn ṣe wá. Ó wà lódìkejì yanrìn, ó ń hó. Mo dì wọ́n mú lápá, mi ò jẹ́ kí wọ́n súnmọ́ ọn. Wọ́n dúró pẹ́.

"Ó pọ̀," wọ́n ní. Lẹ́yìn náà: "Ìwọ lo ní kí n kúnlẹ̀."

Mo wó lulẹ̀ sórí orúnkún. "Ẹ foríjì mí, Ìyá."

"Dìde. Ohun tó bá wù ẹ́ ni kí o sọ fún Ọládòṣù. Ṣùgbọ́n má sọ fún un pé mo rákò."

Mo lọ bá Bàbá Súbérù lábẹ́ àgbọn, níbi tí wọ́n ti ń fún omi agbádá wọn. Mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n ń fún agbádá. Àǹtí Kúnbi fà mí dìde. "Ó tó," wọ́n sọ sí mi létí. "Bí wọ́n bá gba ìsọ̀ ẹ, wá gbé zípù ẹ síwájú tèmi." Wọ́n fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù tuntun ló wọlé sí mi lára.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì lọ sílé. Ọkọ̀ náà ni. Felix ti gbọ́n omi inú rẹ̀ tán, ó ti sún un wá sétí yanrìn. A dúró. Kò sẹ́ni tó wọlé. Tẹ́lẹ̀, àgbà ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, tí a ó tẹ̀ lé wọn. Àwa ń wo Bàbá Súbérù, Bàbá Súbérù ń wo omi.

Ìyá fà mí níró. Wọ́n sọ ọ́ sókè, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

"Ìyàwó mi, níbo lo ní kí n jókòó sí?"

Ojú gbogbo wọn wá sára mi. Mo wo Felix. Ó fi àgbọ̀n júwe.

"Ààrin, Ìyá," mo ní. "Ẹ bọ́ sí ààrin. Jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn."

Ìyá wọlé. Àwọn yòókù ń wò mí lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń wo Felix, mo ń nàka sí ibi tó bá fi hàn mí. Diamond àti àwọn tó fúyẹ́ lọ síwájú. Àwọn àgbà sún sẹ́yìn. Ó wá ku Bàbá Súbérù, wọ́n dúró nínú omi tó mù wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọn ò bèèrè. Èmi náà ò lè nawọ́. Báwo ni mo ṣe máa nàka sí Bàbá Súbérù, lẹ́yìn ohun tí mo ti fẹnu mi ṣe?

Ìyá fi ọwọ́ lu ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Súbérù," wọ́n ní jẹ́ẹ́jẹ́, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ. "Wá síbí."

Ojú Bàbá Súbérù wá sílẹ̀. "Ẹ ṣé, mà," wọ́n ní. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n fi hàn wọ́n, wọ́n sì so okùn jákẹ́ẹ̀tì wọn fúnra wọn.

Mo so etí ìró mi mọ́ etí ìró Ìyá. Títí a fi rí jẹ́tì, ẹnu Felix ni mò ń wò, bóyá ó máa súfèé. Kò súfèé.

Ọládòṣù ti wà nídìí àtẹ̀gùn búlọ́ọ̀kù wa ní Jákáńdè kí a tó dé. Kò kí mi. Ẹsẹ̀ Ìyá ló kọ́kọ́ wò.

"Bàtà Ìyá dà?"

"Òkun gbà á," Ìyá ní. "Òun nìkan náà ló rí gbà." Wọ́n ń lọ sókè, wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú.

Ọkọ mi yíjú sí mi. Ó rí aṣọ mi, ó rí orúnkún mi. Ó la ẹnu láti bi mí léèrè.

"Mo mú wọn dé," mo ní. Ìró Ìyá fà mí ní ìbàdí. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé mi ò tíì tú kókó tí mo ta, pé bí a ṣe so mọ́ra wá nìyẹn, láti Ìlàṣẹ̀ dé ilé.